Aṣọ Tí A Fi Ń Bo Tẹlifíṣọ̀n

Òórùn tùràrí àti ti epo bẹntiróòlù ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi nímú nígbàkigbà tí mo bá rántí pálọ̀ bàbá mi ní Ẹ̀jìgbò. Tùràrí náà, láti Àbíjàn ni wọ́n ti ń fi ránṣẹ́ sí ìyá mi, wọ́n sì máa ń sun ún nínú àwo amọ̀ kékeré kan tí wọ́n bá ti kí ìrun Àìlá tán. Epo bẹntiróòlù ní tirẹ̀ ń gba ojú fèrèsé ẹ̀yìn wọlé, níbi tí jẹnẹrétọ̀ wa ti máa ń pariwo bí oníjà àdúgbò. Bí òórùn méjèèjì bá ti pàdé nínú pálọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè, a mọ̀ pé àsìkò sinimá ti tó nìyẹn. Àwọn àbúrò mi ọkùnrin méjì á sáré tẹ́ ẹní síwájú, ìyá mi á gbé ẹ̀pà yíyan kalẹ̀, bàbá mi á jókòó sórí àga wọn pẹ̀lú rìmóòtù lọ́wọ́, èmi á sì lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ni, aṣọ. Àwọn ará àdúgbò tó mọ̀ nípa rẹ̀ máa ń pe ilé wa ní ilé sinimá aláṣọ, wọ́n á sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá mi fi ta aṣọ ní Àbíjàn kí wọ́n tó kó wa wálé, kí wọ́n tó wá máa ta á lọ́jà Ẹ̀jìgbò. Wọ́n fẹ́ràn fíìmù Yorùbá ju oúnjẹ lọ. Wọ́n ní òun ni kò jẹ́ kí àwọn gbàgbé ilé ní gbogbo ìgbà tí àwọn ń fi Faransé jẹun lọ́hùn-ún. Àmọ́ wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run, wọ́n sì bẹ̀rù ìtìjú, mi ò lè sọ èyí tí wọ́n bẹ̀rù jù nínú méjèèjì. Kò pẹ́ tí a dé ni ẹ̀gbọ́n wọn tó jẹ́ àfáà wá kí wa káàbọ̀. Bí àfáà ṣe wọlé, tí wọ́n gbójú sókè, ọkùnrin kan àti obìnrin kan ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú tẹlifíṣọ̀n, oorun kọ́ ni wọ́n sì ń sùn. Àfáà wọ bàtà wọn padà, wọn ò tilẹ̀ mu omi. Láti ọjọ́ náà, kò sí fíìmù tó tún kan ojú wa tí kò kọ́kọ́ kan ojú bàbá wa.

Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á gba fílàṣì lọ́wọ́ ẹni tó ń bá wa kó fíìmù sí i lẹ́bàá gáréèjì, wọ́n á tilẹ̀kùn pálọ̀ mọ́ra wọn, wọ́n á sì wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àmì ni wọ́n fi ń mú ibi tí kò dáa. Lọ́jọ́ kejì, kí a tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á fi Faransé bẹ̀rẹ̀ bí ìṣe wọn, wọ́n á ní, “Bọ̀n, bí obìnrin oníyẹtí ńlá yẹn bá ti ń gun àtẹ̀gùn, kí o ti múra. Bí ọkùnrin yẹn bá ti bọ́ bàtà, dà á bò.” Èmi á da aṣọ bo tẹlifíṣọ̀n, àwọn á fi rìmóòtù pa ohùn rẹ̀, gbogbo wa á sì jókòó, a ó máa wo aṣọ títí wọ́n á fi ní kí n ká a kúrò. Aṣọ funfun kan tí wọ́n fi ọwọ́ hun ní oníhò-oníhò la kọ́kọ́ lò, èyí tí ìyá mi rà wá láti Àbíjàn láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Ọjọ́ tí àbúrò mi kékeré bú sẹ́rìn-ín sí ohun tí kò yẹ kó rí la tó mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti ń yọjú gba inú ihò. Bàbá mi bá gé gínnì aláró kan tó nípọn nínú ọjà wọn, èmi tí mo ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ nígbà náà sì ṣẹ́ etí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín. Àwa náà máa ń rẹ́rìn-ín. Nígbà kan, aṣọ yẹn pẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n débi pé nígbà tí mo fi máa ká a kúrò, ọmọge tí a fi sílẹ̀ ní iléèwé ti lóyún, ìyá rẹ̀ sì ti kú. Ìyá mi ń bi bàbá mi pé kí ló pa á, bàbá mi ní kí wọ́n máa wò ó lọ, wọ́n á bá a níwájú. A ń bo dídì mọ́ra, a ń bo ọtí, a ń bo obìnrin tó ró aṣọ mọ́ àyà, a ń bo ẹbọ, a ń bo èpè. Ó wù mí bẹ́ẹ̀. Mo máa ń rò pé kò sí ilé tí wọ́n ti ń ṣọ́ ojú ọmọ bíi tiwa, mo sì ń fi bàbá mi yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi. Wọn kì í ṣe ẹni líle rárá. Mi ò rí ọjọ́ kan rí tí wọ́n gbọ́wọ́ sókè sí ìyá mi, tàbí tí wọ́n jágbe mọ́ wọn níwájú wa. Mo ti rò ó títí, ó jọ pé nítorí ìyẹn gan-an ni wọn ò fi mọ bí lílù ṣe máa ń rí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti lọ́kọ nígbà náà sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ọdún díẹ̀ ló fi jù mí, a sì jọ dàgbà bí ìbejì, nítorí náà ‘ìwọ’ la máa ń pe ara wa nígbà tí àgbà ò bá sí nítòsí. Ọkọ rẹ̀ ń tún ọ̀kadà ṣe. Ọmọ ọ̀rẹ́ bàbá mi ni, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ gbé yàrá kan ní Àbíjàn nígbà tí àwọn méjèèjì ò tíì ní ju ẹ̀wù ọrùn wọn lọ. Ìgbéyàwó náà dùn mọ́ bàbá mi nínú ju ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ ti di àna, ayé ti dùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, kété tí bàbá mi dé láti mọ́ṣáláṣí, ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà wa pẹ̀lú báàgì kan. Kò gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dání, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun kàn wá kí wa ni. Ó bu omi tutù fún bàbá mi, ọwọ́ òsì ló fi gbé e. Bàbá mi ò gbà á. Wọ́n ní, “Ọwọ́ ọ̀tún dà?” Ó pààrọ̀ ọwọ́, ife náà ń gbọ̀n, omi sì ta sí bàbá mi láṣọ. Wọ́n gbà á, wọ́n sì mu ún.

Láàárọ̀ Sátidé, bí bàbá mi ṣe tilẹ̀kùn pálọ̀ mọ́ra wọn pẹ̀lú fíìmù tuntun, mo pe ẹ̀gbọ́n mi sí yàrá kí n wọn bùbá fún un. Nígbà tí téèpù dé apá ọ̀tún, ó fà á sẹ́yìn. Mo ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè kó tó lè dá mi dúró. Apá náà ti wú láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, ara rẹ̀ ti dúdú. Ó ní òun ṣubú lórí ọ̀kadà ni. Ìyá mi, tí àwa ò mọ̀ pé wọ́n ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, bi í pé ọ̀kadà wo. Ó fa ọwọ́ aṣọ rẹ̀ wálẹ̀. Ìyá mi wọlé, wọ́n jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀gbọ́n mi sì wá ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ní ọwọ́ lásán ni tẹ́lẹ̀, sípánà ni tọ̀tẹ̀ yìí. Ó ní ọmọ náà wà níbẹ̀, ó ń wò, àti pé nígbà tí òun fẹ́ gbé e jáde, ìyá ọkọ òun já a gbà lọ́wọ́ òun. Láti pálọ̀ là ń gbọ́ ohùn fíìmù tí bàbá mi ń yẹ̀ wò.

Inú bàbá mi dùn nígbà tí wọ́n jáde. Wọ́n ní kò sí ohun tí a máa bò nínú ti ọ̀sẹ̀ yìí, ó mọ́ tónítóní, ẹ̀kọ́ ló kún inú rẹ̀. Wọ́n ní ó dá lórí ìyàwó kan tó ní sùúrù, tí ọkọ rẹ̀ padà yí ìwà, tó sì kọ́lé fún un. Ìyá mi fà wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn; mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì gbọ́ ọ. Bàbá mi dáhùn pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya, a kì í gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan. Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Wọ́n ní àwọn ti bá ọ̀rẹ́ àwọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti àná, àwọn àna ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè láti wá bẹ̀bẹ̀, wọn yóò sì mú ìyàwó wọn lọ, kò sì ní yẹ̀. Wọn ò pe ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n bi í léèrè. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, bí ó bá ti wọlé, wọ́n á wolẹ̀ tàbí kí wọ́n mú fóònù wọn. Fíìmù ni wọ́n fẹ́ fi bá a sọ̀rọ̀. Mo gbà pé ire ni wọ́n rò, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí títí di òní.

Nítorí pé wọ́n ti ní kò sí ohun tí a máa bò, mi ò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo ká aṣọ náà lé ẹsẹ̀, mo jókòó sórí ẹní, ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì mí. Ooru mú, fáànù kàn ń yí afẹ́fẹ́ gbígbóná kiri ni. Fíìmù náà dára ní ìbẹ̀rẹ̀, obìnrin inú rẹ̀ ń dáná, ó ń kọrin. Ọkọ dé, ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó sì fọ́ ọ létí. Bàbá mi mi orí, wọ́n ní kí a máa wo bí obìnrin náà ṣe mú un mọ́ra. Ìgbátí kejì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọkùnrin náà gbá gèlè rẹ̀ mú, ó sì wọ́ ọ láti kíṣìnnì dé pálọ̀. Ó pẹ́ gan-an. Àbúrò mi kékeré rẹ́rìn-ín bí gèlè ṣe tú, bí ọmọdé ṣe máa ń rẹ́rìn-ín sí ohun tó bá dẹ́rù bà á. Èjìká ẹ̀gbọ́n mi kan tèmi, mo sì bojú wò ó. Ó ti fi ọwọ́ òsì di apá ọ̀tún mú lábẹ́ híjáàbù.

Ìyá mi ní, “Da aṣọ bò ó.”

Mi ò kọ́kọ́ mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí. Láti ọjọ́ tí a ti ń da aṣọ, ìyá mi ò pàṣẹ rẹ̀ rí. Ó ya bàbá mi náà lẹ́nu. Wọ́n yíjú sí ìyá mi, wọ́n bi wọ́n pé kí ló wà níbẹ̀, ṣebí àwọn ti wò ó. Ìyá mi ò wo ojú wọn. Wọn ò gbóhùn sókè, àmọ́ wọ́n tún un sọ.

“Mo ní kó o da aṣọ bò ó. Èyí náà ò yẹ lójú ọmọ.”

Ilé tí ọ̀rọ̀ bàbá ti máa ń parí ọ̀rọ̀ ni wọ́n bí mi sí, ìwọ náà mọ irú rẹ̀. Mo dìde. Mo wo bàbá mi, mo ń retí kí wọ́n ní kí n jókòó, n kò sì mọ ohun tí ǹ bá ṣe tí wọ́n bá sọ ọ́. Wọn ò sọ ọ́. Mo da aṣọ náà bò ó.

Àmọ́ ọwọ́ bàbá mi ni rìmóòtù wà, wọn ò sì pa ohùn. Àwòrán lọ, ohùn ò lọ. A jókòó sínú pálọ̀, a ń wo gínnì aláró, a ń gbọ́ bí ọwọ́ ṣe ń bà lára ènìyàn, a ń gbọ́ obìnrin tó ń bẹ̀bẹ̀ pé òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò sí òṣèré níbẹ̀ mọ́ tí a lè wò, igbe nìkan ló kù, igbe náà sì lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni tí a bí. Mo rí bàbá mi bí wọ́n ṣe mú ojú kúrò lára aṣọ, tí wọ́n wá gbé e lé ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ Jímọ̀. Wọ́n wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n tẹ rìmóòtù, ilé sì dákẹ́, ó wá ku jẹnẹrétọ̀ nìkan tó ń pariwo lẹ́yìn.

Wọ́n bi í pé, “Ṣé bó ṣe ń rí nìyẹn?”

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Èyí tẹ̀yìn yìí ju bẹ́ẹ̀ lọ, Baba.” Ó sì fúnra rẹ̀ ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́run, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọn ò dáwọ́ dúró. Wọ́n dìde, wọ́n ń wá bàtà kiri, bàtà náà sì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Àwọn àti ìyá mi ló gbé e lọ sí ọsibítù lọ́sàn-án yẹn, wọ́n sì sọ fún wọn níbẹ̀ pé eegun apá ti là.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àwọn àna dé pẹ̀lú iṣu àti búrẹ́dì. Bàbá mi gbà wọ́n dáadáa, wọ́n fún wọn lómi, wọ́n bi wọ́n léèrè ilé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ pé ọmọ àwọn ò ní bá wọn lọ. Ọ̀rẹ́ wọn rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Nígbà tó rí i pé eré kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán wọn létí Àbíjàn, ẹni tó gbọ́únjẹ fún ẹni lọ́jọ́ àìsàn, ẹni tó yá ẹni lẹ́wù lọ síbi ìgbéyàwó. Bàbá mi dorí kodò, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n sì pe ẹ̀gbọ́n mi jáde kó fi apá tí wọ́n ti wé han àwọn àlejò. Ọ̀rẹ́ wọn wò ó, ó sì dìde. Ó ní kò burú, kí wọ́n mú ọmọ wọn, àmọ́ ọmọkùnrin tó wà ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ọmọ ilé àwọn ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wá bi àwọn léèrè rẹ̀. Bàbá mi ò jiyàn. Ó jọ pé gbogbo agbára tí wọ́n ní ni wọ́n ti lò tán sórí ọ̀kan. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni àṣà wí, ọmọ á dàgbà, á wá ìyá rẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Ìyá mi bá wọn fà á, ẹ̀gbọ́n mi sunkún títí ohùn rẹ̀ fi lọ, pàbó ló já sí. Nígbà tó yá, ó bá àbúrò ìyá mi lọ sí Àbíjàn. Bó bá pè wá, kì í kí wa tán tí yóò fi béèrè bóyá ẹnikẹ́ni rí ọmọ òun.

Èmi ní tèmi rò pé a ti borí. Mo ń sọ ìtàn náà fún àwọn ènìyàn, pé ọjọ́ tí ìyá mi sọ̀rọ̀ ni ìyà ẹ̀gbọ́n mi tán. Ọdún mélòó kan kọjá, ìbínú rọlẹ̀ díẹ̀, àwọn àna sì jẹ́ kí ọmọ náà wá bá wa ṣe Iléyá. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, jẹ́jẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Mo rán jálàbíà àti fìlà fún un. Láàárọ̀ ọdún, bí a ṣe fẹ́ máa lọ sí yídì, fìlà náà wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá mi na ọwọ́ láti tún un ṣe fún un. Ọmọ náà fi apá méjèèjì bo orí, ó fẹ̀yìn lu ògiri, ó ti ń sọ pé òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò ṣe nǹkan kan o. Ọwọ́ bàbá mi dúró sókè bẹ́ẹ̀, wọn ò mọ ibi tí wọn yóò gbé e sí. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, wọ́n kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì níwájú rẹ̀ nínú agbádá ọdún, wọ́n ní kó má bẹ̀rù, kò sẹ́ni tó máa nà án níbí.

Kí a tó lọ kírun, wọ́n pe ọ̀rẹ́ wọn lórí fóònù, wọ́n ní ọmọ náà ò padà mọ́. Wọn ò bẹ̀bẹ̀, wọn ò sì jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ Àbíjàn. Ìbádọ́rẹ̀ẹ́ wọn tán síbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi dé láti mú ọmọ rẹ̀, ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ kí i bí ẹni ń kí àlejò, ó sì pè é ní àǹtí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó dìde, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì wọ inú yàrá lọ. A gbọ́ ẹkún rẹ̀ níbi tí a jókòó sí.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni bàbá mi bá mi ní ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, wọ́n jókòó, wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ tí mò ń rán. Wọ́n ní, “Ìyá rẹ sọ fún mi nígbà náà pé ọmọ yẹn wà níbẹ̀, pé ó ń wò. Mo gbọ́. Mo kàn jẹ́ kó gba etí mi kọjá ni.” Mo ń rán aṣọ lọ.

Èmi náà ti di ìyá. Orí fóònù ni àwọn ọmọ mi ti ń wo tiwọn, mi ò sì bínú sí bàbá mi pé wọ́n ṣọ́ ojú wa, nítorí èmi náà ń ṣọ́ tiwọn, bóyá mo tilẹ̀ le jù wọ́n lọ. Àmọ́ mo ti wá mọ̀ pé ohun tó ń ti àgbà lójú la máa ń bò, ohun tó ń dun ọmọ kì í sí lára rẹ̀. Bí a bá jókòó wo nǹkan báyìí, ojú wọn ni mo máa ń wò ju fíìmù lọ. Bí ojú ọ̀kan bá yí padà, mo máa ń bi í níbẹ̀, níwájú àlejò, níwájú bàbá wọn, níwájú ẹnikẹ́ni. N kì í sọ pé ó di ọ̀la, nítorí gbogbo ọdún tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi wà ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, àwa la fi í síbẹ̀ tí à ń sọ pé ó di ọ̀la.